Ṣọ́ọ̀bù Kọkànlélógójì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá yìn wọ́n. Adéfọlárìn Ọlálẹ́yẹ ń dúpẹ́ títí dòní lọ́wọ́ ẹni tó wò ó lójú, tó sọ fún un pé ohun tó kọ sínú ìwé kì í ṣe òótọ́. Ẹni náà ló padà di aya rẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995 ni. Fọlárìn, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọgbọ̀n ọdún. Yàrá kan ló ń gbé ní Agbowó, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Bódìjà ló sì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ọjà tó ń ti òkèèrè wọlé ṣe ń ṣe àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Ìbéèrè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣòro í sọ. Aṣọ òkìríkà, èyí tí àwọn òyìnbó wọ̀ kù, ń ya wọ Nàìjíríà láti Kutọnu bí omi òjò. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn aránṣọ wa? Lọ́dún 1988, ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀ ti ka ọgọ́ta ṣọ́ọ̀bù télọ̀, láti Challenge dé Ring Road títí wọ Dùgbẹ̀, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Iṣẹ́ Fọlárìn ni láti padà lọ sí ọgọ́tọ̀ọ̀ta wọn, kó mọ iye tó ṣẹ́kù.

Ọjọ́bọ̀ nìkan ni iléeṣẹ́ máa ń fún un ní mọ́tò, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ ló ń jáde. Kì í fi àkókò ṣòfò. Tó bá bá ṣọ́ọ̀bù kan ní títì, á béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, á sì tún padà lọ ní Ọjọ́bọ̀ mìíràn kó lè dá a lójú. Tó bá tún bá a ní títì, á kọ ọ́ síwájú nọ́ńbà rẹ̀ pé: Ó ti kógbá wọlé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Ọmọ tálákà ni, ó sì gbà gbọ́ pé ohun tí èèyàn bá fi ojú ara rẹ̀ rí lẹ́ẹ̀mejì kò ní àríyànjiyàn nínú mọ́.

Ní Sátidé kan, ó wọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ láti bi àwọn tó ń ta òkìríkà ní ìbéèrè tiwọn. Ìsọ̀ tó kọ́kọ́ yà sí jẹ́ ti Àlájì Adégbọlá. Àlájì kò sí níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jókòó sáàárín òkìtì ẹ̀wù ọkùnrin, tó ń pín wọn: èyí tó dára, èyí tó ṣì ṣeé wọ̀, èyí tí yóò di àkísà fún mẹkáníìkì. Tó bá kan èyí tí yóò di àkísà, á kọ́kọ́ fi abẹ́ gé gbogbo bọ́tìnnì ara rẹ̀, á jù wọ́n sínú agolo Bọ̀nfítà kan. Agolo yẹn ni Fọlárìn kọ́kọ́ fẹ́ràn, kó tó mọ orúkọ ẹni tó ni ín.

"Ẹ káàsán o," ni Fọlárìn wí. "Iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Bódìjà ni mo ti wá. Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè díẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wo fáìlì ọwọ́ rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó wá wo ẹ̀wù rẹ̀ pẹ́.

"Ìbéèrè lórí kí ni?"

"Lórí òkìríkà. Bóyá ó ń ṣe ìlú lóore ni àbí ó ń pa á lára."

"Kí lẹ̀yin fúnra yín rò?"

"Ohun tí mo rò kò já mọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo bá bá nílẹ̀ ni màá kọ."

"Ẹ kú òdodo." Ó gbé abẹ́ sílẹ̀. "Ẹ̀wù ọrùn yín yẹn, níbo lẹ ti rà á?"

"Ní Agbowó. Ọkùnrin kan tó ń kiri ló tà á fún mi."

"Ọ̀dọ̀ wa lòun náà ti rà á. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú un jáde nínú bélì, ẹrù aṣọ tí wọ́n fi okùn irin dì, ṣáájú ọdún Kérésì. Òyìnbó tó ni ín tẹ́lẹ̀ á sanra tó igi àràbà. Ẹ wá gbé e wọ ara bí ọwọ̀ yìí, ó sì bá yín mu rẹ́gí. Ẹ ò bi ara yín bó ṣe rí bẹ́ẹ̀?"

Àwọn tó wà ní ìsọ̀ tó múlé gbè wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Fọlárìn wo ara rẹ̀.

"Mi ò bi ara mi," ló wí.

"Ẹ wò ó, ẹni tó ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè nìyẹn," ni ọmọbìnrin náà sọ fún àwọn ará ìsọ̀ kejì. Ó wá yí padà sí i. "Bàdírátù lorúkọ mi. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa bi mí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ wa ní tòótọ́, Ọjọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ là ń tú bélì."

"Ọjọ́ Ajé, ìpàdé la máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ sì ni mo máa ń rí mọ́tò lò."

"Ẹ jẹ́ kí mọ́tò máa lọ, kẹ́ ẹ wá."

Kò lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn ún jù lẹ́yìn náà, pé wọ́n sọ fún un láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ojú ewé méjì péré ni ìwé ìbéèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n Sátidé mẹ́fà ló fi bi Bàdírátù tán. Nígbà tí ìbéèrè tán, ó ṣì ń lọ. Wọ́n á ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, wọ́n á jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sí ibùdókọ̀, Bàdírátù á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé onífáìlì ni, pé tó bá dé ọ̀run, á béèrè lọ́wọ́ Málékà bóyá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì ń ṣí. Ó sọ fún Fọlárìn bí òun ṣe kàwé jáde ní Pólì tí òun kò ríṣẹ́, tí òun sì bá bàbá òun jókòó sọ́jà láìbínú. Fọlárìn sọ fún un nípa ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, bó ṣe ń gbọ́ iye tí òyìnbó máa ra kòkó lórí rédíò, tí á sì mọ̀ láti ibẹ̀ bóyá ọmọ òun máa padà sílé ìwé. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ iṣẹ́ yìí ti wọ̀ ọ́ lára: ó fẹ́ mọ ẹni tó wà lókè òkun tó ń pinnu oúnjẹ ilé wọn.

Ní oṣù kẹfà, ó sọ ọ́ jáde. "Bàdírà, mo fẹ́ kí a fẹ́ ara wa."

Bàdírátù bó ẹ̀pà kan, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán. "Láti January lẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè," ló wí. "Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi lẹ wá fi kẹ́yìn. Ẹ lọ rí bàbá mi."

Oṣù yẹn náà ni Fọlárìn parí ìwé rẹ̀. Nínú ọgọ́ta ṣọ́ọ̀bù, méjìdínlógójì ti kógbá wọlé. Ó kọ ọ́ pé aránṣọ méjìdínlógójì ti pàdánù iṣẹ́ wọn nítorí òkìríkà, ó sì dá a lábàá pé kí ìjọba fi ọwọ́ líle mú òfin tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé kó má wọlé mọ́. Ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Tiwalọlá, obìnrin tí kì í yin èèyàn, kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ó dáa." Wọ́n mú ìwé náà pé kí Fọlárìn lọ kà á níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Nairobi ní oṣù kọkànlá. Láàárín àwọn tó bá kàwé níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yan àwọn tí wọ́n á rán lọ kàwé sí i lókè òkun. Ìwé ìròyìn kan gbọ́, ó gbé e jáde. Fọlárìn gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ ní Agbowó.

Àlájì Adégbọlá gbà á lálejò nílé rẹ̀ ní Challenge, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹjọ. Fọlárìn dọ̀bálẹ̀. Àlájì ní kó dìde, ó ní kí wọ́n gbé omi wá fún un, ó bi í léèrè ìlú rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀.

"Ìjọ Áńgílíkà ni wá, sà," ni Fọlárìn wí, kí wọ́n tó bi í.

"Ìyẹn kọ́ ni yóò dí wa lọ́wọ́. Ìyá tó bí mi, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọdún méjèèjì la ń jẹ nílé yìí." Àlájì na ọwọ́ sábẹ́ tìmùtìmù àga, ó fa ìwé ìròyìn kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí eékún. "Ará ọjà kan ló mú èyí wá fún mi. Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti wà nídìí òkìríkà. Òun ni mo fi kọ́ ilé tí o jókòó sí yìí. Òun ni mo fi rán Bàdírátù lọ sí Pólì. O ní mo ti lé èèyàn méjìdínlógójì kúrò nídìí iṣẹ́ wọn. O ní kí ìjọba wá ti ìsọ̀ mi. O sì wá pé kí n fún ọ ní ọmọ tí mo fi ìsọ̀ náà tọ́. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń dún létí?"

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá nílẹ̀ ni mo kọ."

"Tó bá jẹ́ òótọ́, Ọlọ́run ni yóò bi mí, èmi náà á sì wá èsì. Tí kò bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ síbi ọ̀kọ̀ọ̀kan, sà."

Àlájì ká ìwé ìròyìn náà. Kò gbóhùn sókè. "Mu omi rẹ, ọmọ mi, kí o máa lọ sílé. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n mi ò lè fún ọ."

Fọlárìn fẹsẹ̀ rìn láti Challenge dé Ring Road kó tó rántí pé ọkọ̀ wà. Inú bí i, ẹ̀rù sì bà á. Ó rò ó pé bàbá àgbà tó fẹ́ràn ìsọ̀ rẹ̀ ju òótọ́ lọ ni. Lẹ́yìn náà ó rò ó pé bí òun bá rí ẹni tó fẹ́ ti oko kòkó ìyá òun pa, òun náà kò ní fún un lómi mu.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàdírátù wá bá a ní Agbowó. Kò wọ inú ilé. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì.

"Ẹ bá mi ṣe ìwé yẹn kan," ló wí. "Gbogbo rẹ̀, kì í ṣe èyí tí oníròyìn gé. Títí kan ibi tí orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù wà."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kà á. Ṣé ẹ kọ ọ́ kí èèyàn má kà á ni?"

Ó gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó tún dé, ó ká ojú ewé kan sóde, ìka rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù kọkànlélógójì, Ring Road. Jóṣúà Ògúnsànyà. Kí lẹ kọ síwájú orúkọ rẹ̀?"

"Pé ó ti kógbá wọlé. Aládùúgbò rẹ̀ ní ó ti padà sí Rẹ́mọ."

"Ẹ̀wù tẹ́ ẹ wọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa, ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà nílé."

"Ẹ lọ mú un wá."

Fọlárìn lọ mú un wá. Bàdírátù yí i síta, ó na abẹ́ apá rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Níbi tí wọ́n ti dín fífẹ̀ rẹ̀ kù, ẹnì kan ti fi òwú búlúù so kókó tín-tìn-tín sí ìparí ìrán náà.

"Kókó mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Gbogbo aránṣọ tó ń bá wa dín aṣọ lẹ́yìn ìsọ̀ ló ní àmì tirẹ̀, kí a lè mọ ẹni tí a óò dá iṣẹ́ padà fún bí kò bá dáa. Kókó búlúù mẹ́ta, Bàbá Jóṣúà ni. Bùrọ̀dá Fọlárìn, ọkùnrin tẹ́ ẹ ní ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ló ṣiṣẹ́ sí yín lára."

Fọlárìn di ẹ̀wù náà mú. Ẹ̀rọ fọ́tókópì ń dún lẹ́yìn wọn. Ó gbìyànjú láti rò ó pé ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, pé ẹnì kan kò lè ba ìṣirò jẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju kó gba irọ́ yẹn gbọ́ lọ.

"Ẹ wá ní Ọjọ́bọ̀," ni Bàdírátù wí. "Ẹ má gbé mọ́tò wá. Ẹ má mú fáìlì."

Ọjọ́bọ̀ náà ló tó rí bí wọ́n ṣe ń tú bélì. Wọ́n já okùn irin, aṣọ wú jáde bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà mú wú, àwọn oníbàárà sì ya bò ó. Ẹ̀yìn ìsọ̀, lábẹ́ páànù, ni Bàdírátù mú un gbà. Àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀ ní ìlà méjì, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ wọ́n, wọ́n ń dún bí òjò lórí páànù. Àgbàlagbà kan tó fi òwú búlúù kọ́ etí ló jókòó sí ìparí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," ni Fọlárìn wí. "Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Jóṣúà Ògúnsànyà, Ring Road?"

Bàbá náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ta ló ń fi orúkọ àti àdúgbò pe èèyàn bí ọlọ́pàá?"

"Bàbá, èèyàn mi ni," ni Bàdírátù wí.

"Mo wá sí ṣọ́ọ̀bù yín lẹ́ẹ̀mejì, sà. Wọ́n ní ẹ ti lọ sí Rẹ́mọ."

"Mọ́tò funfun? Tí wọ́n kọ nǹkan sí lára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Fáìlì lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá Jóṣúà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó pe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Rasheed, wá wo agbowó-orí wa." Ó nu ojú. "Ìyá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ní àwọn tó ń gba owó orí tún ti dé, pé òun ti rán mi lọ sí Rẹ́mọ. Mo ra ọṣẹ fún un nítorí oore yẹn. Ọmọ mi, ta ni yóò fi ọmọnìkejì rẹ̀ lé ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni mò ń wá síbí. Àwọn ọjọ́ yòókù, mo wà ní Ring Road, ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ gbayawu."

Fọlárìn yí sí Rasheed. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà, níbo ni ṣọ́ọ̀bù yín?"

"Challenge. Ẹ̀gbẹ́ ilé epo."

Nọ́ńbà kọkàndínlógún. Òun náà ti kógbá wọlé nínú ìwé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Fọlárìn ti rí mẹ́sàn-án nínú àwọn tó kọ pé wọ́n ti kógbá wọlé. Ilẹ̀kùn ló ti ń kà láti oṣù kìíní, kò ka èèyàn.

"Má tíì yọ̀ fún wa jù," ni Bàbá Jóṣúà wí, tó ti ń tẹ ẹ̀rọ lọ. "Wo ibí yìí yíká. Ṣé o rí ọmọ iṣẹ́ kankan?"

Fọlárìn wò ó. Irun funfun ló pọ̀ jù lábẹ́ páànù náà. "Rárá, sà."

"Nígbà tí ẹni tó ṣáájú rẹ wá, mo ní mẹ́rin. Ta ni yóò mú ọmọ rẹ̀ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín aṣọ òyìnbó? À ń jẹun, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti fi ṣísọ́ọ̀sì kan aṣọ tuntun gbẹ̀yìn. Tí mo bá kú, bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ kú nìyẹn lọ́dọ̀ tèmi. Ṣé ibì kan wà nínú ìwé rẹ tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí?"

Kò síbì kankan.

Bàdírátù sìn ín dé ibùdókọ̀. Wọn kò ra bọ̀ọ̀lì.

"Kò sí ẹni tó mọ̀ àfi àwa," ni Fọlárìn wí nígbà tó yá. "Nairobi ku oṣù méjì. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mú ẹlòmíì. Tí mi ò bá sọ ọ́, bàbá rẹ..."

"Ẹ má pe bàbá mi sí i." Ojú rẹ̀ le. "Tó bá jẹ́ nítorí bàbá mi lẹ ṣe fẹ́ yí i padà, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ nítorí mi, ẹ fi í sílẹ̀ náà. Mi ò fẹ́ ọkọ tí yóò máa wò mí lójú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí yóò máa rántí ohun tí mo jẹ́ kó pàdánù."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, mo bi yín ní ohun tẹ́ ẹ rò. Ẹ rántí èsì yín?"

Ó rántí. Ohun tí mo bá bá nílẹ̀ ni màá kọ.

Fọlárìn kò sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kò fi àìsùn náà ṣòfò. Ó ya ìwé ìròyìn kúrò lára ògiri. Ó tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti nọ́ńbà kìíní, kò gbé mọ́tò, kò mú fáìlì. Ẹsẹ̀ àti ọ̀kadà ló fi kiri lẹ́yìn tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, àti ní gbogbo Sátidé, ó sì ń kọ́kọ́ kí àwọn alákàrà kó tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà á. Nínú méjìdínlógójì tó ti kọ kúrò, ó rí mọ́kànlélógún tí wọ́n ṣì ń ránṣọ. Mẹ́tàdínlógún ni kò sí mọ́ lóòótọ́. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti lọ sóko, ọ̀kan ń ṣọ́ géètì ní Bódìjà. Nínú mọ́kànlélógún tó rí, tí wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta lọ́dún 1988, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin péré ló kù. Ó kọ gbogbo rẹ̀. Ó kọ bí àṣìṣe náà ṣe ṣẹlẹ̀, ó kọ Ọjọ́bọ̀, ó kọ mọ́tò funfun, kò sì di ẹ̀bi ru aládùúgbò kankan.

Dókítà Tiwalọlá kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"O mọ̀ pé ẹlòmíì ni yóò lọ sí Nairobi."

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀ pé orúkọ rẹ ni yóò wà lórí èyí, tí gbogbo ayé á fi kà á pé o ṣe àṣìṣe."

"Mo mọ̀, mà."

Ó mú kálámù, ó fọwọ́ sí i. "Èyí dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ," ló wí. "Ti àkọ́kọ́ yẹn, ó yẹ kí n ti bi ọ́ ní ọjọ́ tí o ń lọ. Mi ò bi ọ́. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Ẹlòmíì lọ sí Nairobi. Ìwé ìròyìn tó gbé ti àkọ́kọ́ kò gbé ìkejì. Fọlárìn fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Bàdírátù. Oṣù kọkànlá kọjá, Kérésì kọjá. Fọlárìn kò lọ sí Dùgbẹ̀ mọ́, nítorí Àlájì ti sọ pé òun kò lè fún un, òun náà kò sì fẹ́ sọ ọmọ olọ́mọ di aláìgbọràn. Nígbà mìíràn á mú ẹ̀wù náà jáde, á wo kókó mẹ́ta náà, á fi í sí ipò rẹ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ti pàdánù ọ̀nà méjì pọ̀ nítorí òótọ́ kan. Ṣùgbọ́n kò kábàámọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1996, Bàbá Jóṣúà kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Agbowó ní ọ̀sán Sátidé.

"Mo gbọ́ pé o ò ní alárinà," ló wí, kó tó jókòó.

"Mi ò ní, sà."

"Ohun tó ba ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́ nìyẹn. Èèyàn kì í dá lọ síwájú irú bàbá yẹn bí ẹni tó ń lọ gbowó orí. Wọ aṣọ, jẹ́ ká lọ."

"Lónìí, sà?"

"Ṣé o fẹ́ kọ́kọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì ni?"

Àlájì Adégbọlá wà ní pálọ̀. Bàdírátù gbé omi wá, ó kúnlẹ̀, ó padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò pa dé. Fọlárìn dọ̀bálẹ̀, ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Àlájì," ni Bàbá Jóṣúà bẹ̀rẹ̀, "ọdún mélòó la ti jọ wà?"

"Ó ti tó mẹ́sàn-án."

"Ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ yìí ti pa mí nínú ìwé. Òkú ló wá bá yín tọrọ ọmọ."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Àlájì, ó mú un dúró. Ó na ọwọ́ sábẹ́ tìmùtìmù. Kì í ṣe ìwé ìròyìn ló fà yọ lọ́tẹ̀ yìí. Ìwé kejì ni, odindi, tí igun rẹ̀ ti ká nítorí kíkà.

"Bàdírátù ló ń kà á fún mi," ló wí. "Kò dùn mọ́ mi nínú. Ó ní mi ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ìyẹn dára. Ó tún wá ní nítorí tiwa, kò sí ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ mọ́."

"Irọ́ ni?" ni Bàbá Jóṣúà bi í.

Àlájì gbé ìwé náà sórí eékún. "Kì í ṣe irọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ ni." Ó yí sí Fọlárìn. "Dìde, jókòó. Wọ́n ní o pàdánù ìrìn àjò kan nítorí èyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló ní kí o sọ ọ́?"

"Ọmọ yín ló fi hàn mí pé mo ṣe àṣìṣe, sà. Ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti sọ fún mi pé kí n tún un ṣe."

Àlájì wo ọ̀nà ilẹ̀kùn tí kò pa dé. "Ọkùnrin pọ̀ tí yóò ṣe àṣìṣe, tí yóò gbé e ru ìyàwó rẹ̀ títí yóò fi darúgbó," ló wí. "Ìwọ kọ tìrẹ síwèé, o sì fi orúkọ ara rẹ sí i. Mi ò fẹ́ràn ohun tí o kọ. Mo fẹ́ràn ẹni tó kọ ọ́. Bàdírátù, wọlé wá, o ti tẹ́tí tó."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kẹrin. Àlájì ní kò sí òkìríkà kankan tí yóò kan ara ọkọ ìyàwó lọ́jọ́ náà. Ó ra aṣọ tuntun, ó gbé e lọ sí Ring Road fúnra rẹ̀. Ó sì mú Láwùmí, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jáde ìwé mẹ́wàá, dání, ó ní kí Bàbá Jóṣúà máa kọ́ ọ níṣẹ́ láti orí aṣọ yẹn lọ. Bàbá Jóṣúà tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i. Ó pa ìlà àkọ́kọ́ rẹ́, ó tún un fà. Ìkejì kò gba àtúnṣe.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ní kí ọkọ dúpẹ́. Fọlárìn dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà Tiwalọlá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá alákàrà kan ní Ring Road, tí kò mọ ohun tó ṣe. Nígbà tó kan aya rẹ̀, ó ká ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ sí, ó fi í sápò. Ó gbé apá sókè díẹ̀, ó fi ìka kan abẹ́ apá agbádá tuntun náà, níbi tí kókó búlúù mẹ́ta wà nínú.

"Bàdírà," ló wí, "mo dúpẹ́ pé o ní kí n lọ mú ẹ̀wù yẹn wá."